Omi Tí Yèyé Kò Mu

Ọjọ́ kẹjọ rèé tí Yèyé kò tíì yàgbẹ́. Ìyá ọlọ́mọ márùn-ún, ìyá tí ó ti pọn ọmọ-ọmọ mọ́kànlá, ó wà nínú yàrá ẹ̀yìn nílé ara rẹ̀ ní Ẹ̀fọ̀n, ikùn rẹ̀ le bí igbá tí a dojú rẹ̀ dé, kò sì sí ẹni tí ó mọ̀ títí ó fi di ọjọ́ karùn-ún. Bẹ́ẹ̀ bí ewúrẹ́ ilé bá kọ èèpo iṣu lówùúrọ̀, kí ó tó di ọ̀sán gbogbo agbo ilé á ti gbọ́, wọn á ti máa béèrè ohun tí ó ṣe é.

Ìbíyẹmí ni ó kọ́kọ́ mọ̀. Òun ni ìyàwó Ilésanmí, Ilésanmí sì ni àkọ́bí Yèyé. Oko kòkó ni iṣẹ́ ọkùnrin náà, àdúrà sì ni ìwòsàn rẹ̀. Tọkọtaya náà ti oko dé ní ọjọ́rú láti wá mú iyọ̀ àti kẹrosíìnì tí àwọn lébìrà wọn yóò lò. Ìgbà tí Ìbíyẹmí fẹ́ bá Yèyé pààrọ̀ aṣọ ni ọwọ́ rẹ̀ kan ikùn náà, tí ìyá arúgbó sì fà sẹ́yìn bí ẹni tí iná jó. Ìbíyẹmí béèrè pé ìgbà wo ni wọ́n ti yàgbẹ́ kẹ́yìn. Yèyé ní òun kò rántí. Ìdíátù ará ilé kejì, tí wọ́n fi ṣọ́ Yèyé nígbà tí wọ́n ń lọ sóko, ni ó bá wọn ṣírò ọjọ́.

Nílé Ilésanmí, wọn kì í lo oògùn, ìbáà ṣe àgbo, ìbáà ṣe ti òyìnbó. Láti ìgbà tí òun àti ìyá rẹ̀ ti wọ ìjọ àdúrà, wọ́n ti da gbogbo ìgò àti àdó nù. Èyí kò burú. Ẹni tí ó bá di Ọlọ́run mú, ẹ jẹ́ kí ó dì í mú dáadáa. Ṣùgbọ́n ní alẹ́ ọjọ́rú náà ni Ilésanmí jókòó, tí ó kéde ààwẹ̀ gbígbẹ ọjọ́ mẹ́ta fún òun àti ìyá rẹ̀: kò sí oúnjẹ, kò sí omi, láti ìdájí títí ilẹ̀ yóò fi ṣú. Kò sí ẹni tí ó rán an ní irú iṣẹ́ yìí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn alàgbà kò tilẹ̀ gbọ́ pé ara Yèyé kò yá. Orí ara rẹ̀ ni ó ti rò ó. Ẹ dákun, ẹ bá mi dá sí i: inú tí ó ti gbẹ, ṣé gbígbẹ ni a tún ń fi kún un?

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé yìí, Ìbíyẹmí po ẹ̀kọ mímu, ó bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sínú ife, ó sì gbé méjèèjì lọ sí yàrá ẹ̀yìn. Ó bá ọkọ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

"Ìyá Táyọ̀, kí ni ìyẹn?"

"Ẹ̀kọ ni. Ti Yèyé."

"Òní ni ó pé ọjọ́ mẹ́ta. Ṣé o fẹ́ wó ohun tí a ti ń kọ́ bọ̀ ni?"

"Baba Táyọ̀, ọjọ́ mẹ́ta yín ti lé mẹ́ta lórí márùn-ún. Ẹ wo ojú wọn bí ó ṣe wọ inú lọ."

"Ìwọ, ojú ènìyàn ni o máa ń wò."

"Ojú ìyá yín ni mò ń wò."

Ilésanmí kò kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Obìnrin kì í ti ọkọ rẹ̀ ṣubú kí ó tó wọlé, nítorí náà Ìbíyẹmí gbé ẹ̀kọ rẹ̀ padà sí ilé ìdáná. Inú ń bí i. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù tí ó ń bà á ju ìbínú lọ. Ó ti gbọ́ bí Yèyé ṣe ń kérora láàárọ̀, ìkérora ẹni tí kò fẹ́ kí a gbọ́ òun, ó sì mọ̀ pé bí ìyá náà bá kú sí yàrá yẹn, òun ni ojú gbogbo ayé yóò kọ́kọ́ wò. Kò sì ní lè sọ pé wọ́n purọ́ mọ́ òun tán.

Aago mẹ́wàá kò tíì lù nígbà tí lọ́rì tí ó ń bọ̀ láti Iléṣà já Sunday sílẹ̀ ní ìsàlẹ̀ òkè. Sunday ni àbíkẹ́yìn Yèyé. Ẹ̀yà ara kẹ̀kẹ́ ni ó ń tà ní Iléṣà, ó sì máa ń wọ fìlà bí ẹni tí ilé ẹjọ́ ń dúró dè. Ìbíyẹmí kò lè pe orúkọ rẹ̀ nítorí pé wọ́n ti bí i kí òun tó dé ilé ọkọ. Akọ̀wé ni ó ń pè é, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwé mẹ́fà ni Akọ̀wé kà, tí ó sì ka ọ̀kan nínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ìdíátù ni ó rán awakọ̀ sí i. Ó gun òkè dé, ó ń mí helehele, ó wọ yàrá ẹ̀yìn, ó jáde, kò sì kí ẹnikẹ́ni.

"Bùọ̀dá, ẹ fẹ́ pa á ni?"

"Kú àbọ̀," ni Ilésanmí wí.

"Mo ní ṣé ẹ fẹ́ pa á ni. Ọjọ́ mẹ́jọ. Mo ti bá dókítà sọ̀rọ̀. Ó ń bọ̀ níbí ní aago mẹ́rin."

"Dókítà wo?"

"Èyí tí ń gbé ẹ̀yìn gáréèjì."

Ìdíátù, tí ó ti wá dúró lẹ́bàá ọ̀dẹ̀dẹ̀ pẹ̀lú àtẹ obì rẹ̀ lórí, sọ àtẹ náà kalẹ̀. Gbogbo Ẹ̀fọ̀n ni ó mọ ọkùnrin ẹ̀yìn gáréèjì. Ó ti bá wọn fọ ìgò ní ilé ìwòsàn kan rí níbi tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀, láti ibẹ̀ ni ó sì ti di dókítà. Oògùn olómi dúdú kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí í ṣí inú. Bí ó bá fún ènìyàn mu, á tún fi abẹ́rẹ́ tẹ̀lé e. Ọgbọ̀n ṣílè ni ó ń gbà.

"Ẹ mú pọ́n-ùn kan wá," Sunday sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Èmi á mú ṣílè mẹ́wàá."

"Sunday," Ìdíátù wí pẹ̀lẹ́, "ṣé o rántí bàbá Ọ̀ṣẹ́nì?"

Sunday tún fìlà rẹ̀ dé.

"Oògùn yìí kan náà ni. Aago méjì ọ̀sán ni ó mu ún. Inú ṣí lóòótọ́. Ó yà, ó yà, ó yà títí kò fi lè dìde mọ́. A ń bu omi sí i lẹ́nu, ẹnu kò gbà á. Kí wọ́n tó pèrun ìrọ̀lẹ́, a ti ń gbẹ́ ilẹ̀. Ọ̀dọ́ lè yà bẹ́ẹ̀ kí ó sùn, kí ó sì jí. Arúgbó kò ní omi tí yóò dà nù lára."

"Ọjọ́ bàbá Ọ̀ṣẹ́nì ni ó pé," Sunday ní.

"Oògùn kankan kò ní wọ ilé yìí," ni Ilésanmí gbà á lẹ́nu rẹ̀. "Láti ìgbà tí bàbá wa ti kú, oògùn kò wọ ibí. Mo ti bá Ọlọ́run dá májẹ̀mú."

"Èmi kò bá a dá májẹ̀mú. Bí ìyá mi bá kú, n óò dúró ní ojú ọjà, n óò sọ fún gbogbo ìlú pé ebi ni ẹ fi pa á. N óò sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì yín pẹ̀lú."

Wọ́n jà títí ohùn wọn fi dé ìsàlẹ̀ òkè. Àwọn obìnrin méjì tí wọ́n wá kí Yèyé dúró lójúde, wọ́n ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ bí ẹni ń gbọ́ rédíò. Ọ̀kan nínú wọn sọ pé àìrígbẹ́yà ọjọ́ mẹ́jọ kì í ṣe ojú lásán. Èkejì ní ẹni tí ó bá ń se oúnjẹ fún arúgbó ni ó mọ ohun tí ó ń jẹ. Wọ́n sọ ọ́ kélékélé, ṣùgbọ́n ilé ìdáná ni wọ́n ń wò bí wọ́n ti ń sọ ọ́. Ìbíyẹmí gbọ́ wọn. Ó ń fọ ìkòkò kan tí ó ti mọ́ láti ìṣẹ́jú mẹ́wàá sẹ́yìn.

Nígbà tí ó rẹ Ilésanmí, ó jókòó lórí àga, ó di orí mú. Ebi ń pa á, òùngbẹ ń gbẹ ẹ́, ìyá rẹ̀ sì ń kú lọ lójú rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí a purọ́ mọ́ ọn, ó fẹ́ràn ìyá rẹ̀. "Bí aago mẹ́rin bá lù tí Ọlọ́run kò tíì dáhùn," ó ní, "ṣe ohun tí ó wù ọ́. Kì í ṣe lójú mi."

Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ṣe di aago mẹ́rin.

Ìdíátù tẹ̀ lé Ìbíyẹmí wọ ilé ìdáná. Ó fa àpótí kan, ó jókòó.

"Ìyá Táyọ̀, ọ̀kan fẹ́ fi òùngbẹ wò ó sàn, èkejì fẹ́ fi májèlé wò ó sàn. Ìwọ ńkọ́?"

"Kí ni kí n ṣe, Ìyá Mùstàfá? Wọ́n ní oògùn kò gbọdọ̀ wọlé."

"Ta ni ó dárúkọ oògùn? Ìyá mi lo ọdún mẹ́sàn-án lórí ẹní, èmi ni mo tọ́jú rẹ̀. Inú rẹ̀ a máa dì báyìí. Omi ni mo fi ń tú u, omi tí ó lọ́wọ́ọ́wọ́. Ilá àti ìbẹ́pẹ. Kí n fi ọwọ́ pa á nínú, kí n sì mú un rìn. Kò sí oògùn níbẹ̀. Ìwọ lọ gba àyè omi náà ná."

"Kò ní gbà. Ààwẹ̀ kò tíì pé."

"Ṣé ẹ kì í mu omi àdúrà nílé yìí mọ́ ni?"

Ìbíyẹmí wò ó. Ó wá dìde, ó pọn omi kún ìkòkò kan tí ó tó ìwọ̀n ogún ife, ó rù ú lọ síwájú ọkọ rẹ̀, ó kúnlẹ̀.

"Baba Táyọ̀, ẹ bá mi gbàdúrà sí omi yìí fún Yèyé."

Ilésanmí wo ìkòkò náà. "Ife ni a fi ń mu omi àdúrà."

"Ṣé Ọlọ́run ní òṣùwọ̀n ni?"

"Ilẹ̀ kò tíì ṣú."

"Ṣebí omi àdúrà kì í ba ààwẹ̀ jẹ́. Ẹ̀yin náà mu ún lánàá lọ́sàn-án. Mo rí yín lẹ́yìn ilé."

Sunday, tí ó jókòó níwájú ilé, yíjú sí ẹ̀gbẹ́ kan kí wọ́n má baà rí i bí ó ṣe ń rẹ́rìn-ín. Ilésanmí gbé ọwọ́ lé ìkòkò, ó gbàdúrà, àdúrà náà sì gùn. Ìbíyẹmí ṣe àmín sí gbogbo rẹ̀, kò fo ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ó gbé omi náà kaná.

Ṣùgbọ́n Yèyé kò mu ún.

Ìbíyẹmí gbé orí rẹ̀ sókè, ó fi ife kan án lẹ́nu, ìyá náà sì pa ètè dé bí ọmọ tí ó kọ ọmú. Wọ́n bẹ̀ ẹ́. Wọ́n sọ fún un pé Ilésanmí ti gbàdúrà sí i. Ó mi orí. Ìdíátù ni ó kọ́kọ́ fura. Ó ní òun ń lọ wo ilá tí òun gbé kaná, ó jáde, ó sì fa ilẹ̀kùn dé.

"Yèyé, kí ló dé?" Ìbíyẹmí bi í. "Ṣé nítorí ààwẹ̀ ni?"

"Bí mo bá mu ún, n óò tọ̀," Yèyé wí. Ohùn rẹ̀ kò ju afẹ́fẹ́ lọ. "Bí mo bá jẹ, n óò yà. Kò sí ẹni kankan nínú ulé yìí. Oko ni gbogbo yín wà. Ta ni yóò mú mi sọ̀kalẹ̀?"

Ẹ̀yin tí ẹ kò mọ ilé orí òkè Ẹ̀fọ̀n, ẹ jẹ́ kí n wí fún yín. Tẹ́lẹ̀ rí, ẹ̀yìnkùlé ni Yèyé ń lọ, kò ju ẹsẹ̀ mẹ́wàá lọ. Ìgbà tí àwọn wolé-wolé dé, wọ́n ní kí kálukú gbẹ́ ṣáláńgá, kí ó sì jìnnà sí ilé ìdáná. Ìsàlẹ̀ gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni Ilésanmí ti rí ilẹ̀. Òkúta mẹ́tàlélógún ni ènìyàn yóò tẹ̀ kí ó tó dé ibẹ̀, àwọn mìíràn nínú wọn sì ń mì. Ọ̀dọ́ kò mọ̀ ọ́n lára. Yèyé, tí orúnkún rẹ̀ kò gbà mọ́, ìdí ni ó fi ń wọ́ sọ̀kalẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ní òwúrọ̀ tí wọ́n fẹ́ lọ sóko, ó ṣubú láàárín ọ̀nà. Kò ṣẹ́ léegun, ṣùgbọ́n kò lè dúró de ìsàlẹ̀ mọ́, ó ṣe é sára. Lọ́rì ti ń fun fèrè. Ẹrù wà lórí Ìbíyẹmí. Ó sọ ẹrù kalẹ̀, ó sáré lọ gbé ìyá ọkọ rẹ̀, ó rí aṣọ, òórùn náà gbá a nímú, ọ̀rọ̀ sì jáde lẹ́nu rẹ̀ kí ó tó mọ̀: "Yèyé, ṣé ẹ tún ti di ọmọ ọwọ́ ni? Ṣé ẹ ò lè dá a dúró ni?" Àwọn tí ń pọn omi lọ gbọ́ ọ. Ẹnìkan rẹ́rìn-ín. Ó wẹ ìyá náà mọ́, ó pààrọ̀ aṣọ fún un, ó sì sáré bá lọ́rì. Kò sọ ọ́ fún ọkọ rẹ̀. Kò sí ọjọ́ kan lóko tí kò rántí rẹ̀, ṣùgbọ́n rírántí kò gbé ènìyàn dé ilé.

Yèyé la ojú, ó wò ó.

"Ìwọ ni o ní kí n dá a dúró," ó ní. "Mò ń dá a dúró."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Ìbíyẹmí lákínyẹmí ara. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja bí ọkùnrin, ó kúnlẹ̀, ó tún wólẹ̀, kò mọ èyí tí ó tó. "Ẹ foríjì mí, Yèyé. Ẹnu mi ni ó ṣẹ̀ yín. Iwájú gbogbo ènìyàn ni mo ti sọ ọ́, iwájú gbogbo ènìyàn ni n óò ti bẹ̀ yín. Ẹ ò ní sọ̀kalẹ̀ lọ síbẹ̀ mọ́. N óò gbé póò síbí, èmi ni n óò máa dà á nù. Èmi fúnra mi ni n óò máa mú yín dìde, tòwúrọ̀ talẹ́. Ẹ sáà mu omi."

Ó sunkún títí aṣọ orí ẹní fi rin. Yèyé na ọwọ́, ó fi kan orí rẹ̀. Ìyẹn ni ìdáríjì rẹ̀, kò fi ọ̀rọ̀ kún un. Ó wá mu ife kan. Nígbà tí ó ṣe díẹ̀ ó mu èkejì, ó sì béèrè bóyá ẹ̀kọ kankan kù.

Iṣẹ́ wá bẹ̀rẹ̀. Ìdíátù tẹ́ Yèyé lórí ẹ̀yìn, ó fi aṣọ dídì gbé orúnkún rẹ̀ sókè kí ikùn lè dẹ̀. Ó da àdín sí àtẹ́lẹwọ́ Ìbíyẹmí, ó ní kí ó fi ọwọ́ ra ọwọ́ títí yóò fi gbóná. Ilésanmí yọ orí wọlé.

"Àdín yẹn, ṣé kì í ṣe oògùn?"

"Àdín tí wọ́n fi pa yín lára lọ́jọ́ tí wọ́n bí yín ni," Ìdíátù dá a lóhùn. "Ó ṣẹ́kù."

Ó fa orí rẹ̀ sẹ́yìn, ó lọ.

"Má tẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń gún iyán," Ìdíátù ń kọ́ Ìbíyẹmí. "Bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ lápá ọ̀tún. Gbé ọwọ́ gòkè dé abẹ́ egungun ìhà. Gbà á kọjá sí apá òsì. Wá fà á wálẹ̀. Ọ̀nà tí ìgbẹ́ ń gbà nìyẹn, sìn ín lọ. Bí ó bá kérora, dẹwọ́."

Ìbíyẹmí sìn ín lọ. Lábẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ó ń kan àwọn kókó líle lápá òsì, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn. Ogún ọdún ni ó ti fẹ́ ọmọ ìyá yìí, kò fi ọwọ́ pa ikùn rẹ̀ rí. Awọ ara náà fúyẹ́, ó rọ̀, ìlà ọmọ márùn-ún sì wà lára rẹ̀. Wọ́n pa á títí ọwọ́ fi ń ro wọ́n, wọ́n fi aṣọ gbígbóná lé e, wọ́n fún un ní omi. Ìbíyẹmí ka ìbẹ́pẹ tí ó ti pọ́n lẹ́yìn ilé, ó gé e wẹ́wẹ́ nítorí eyín Yèyé kò ju mẹ́ta lọ. Ilá tí wọ́n sè láìfi ata sí i ni ó fi lá ẹ̀kọ. Lẹ́yìn náà wọ́n gbé e dìde, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, wọ́n ń rìn nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ ní ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ní ìgbà kẹrin tí wọ́n dé ẹnu ọ̀nà, ikùn rẹ̀ kùn. Gbogbo wọn gbọ́ ọ.

"Ó gbọ́ ìpè," Ìdíátù ní.

Sunday ń wò wọ́n láti orí àga. "Ṣé omi gbígbóná ni yóò ṣe ohun tí ọjọ́ mẹ́jọ kò ṣe?"

Ìdíátù kò yíjú sí i. "Òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Ìwọ fìlà ni o dé wá."

Wọ́n tún tẹ́ Yèyé, wọ́n tún pa á nínú. Aago mẹ́ta kọjá. Kò sí nǹkan. Mẹ́ta àbọ̀ kọjá. Ikùn ń kùn, ìrora ń wá, ó ń lọ. Ọkàn Ìbíyẹmí bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàárẹ̀. Bí aago mẹ́rin ti lù ní ilé ìwé ìsàlẹ̀, ọkùnrin ẹ̀yìn gáréèjì gun òkè dé tòun ti báàgì rẹ̀, ṣòkòtò funfun ni ó wọ̀. Ó jókòó ní pálọ̀ bí ẹni tí ó ni ilé. Ó kó abẹ́rẹ́ jáde, ó ní kí wọ́n bu omi gbígbóná wá kí òun fi sè é.

"Omi tí ó wà lórí iná ti ní ẹni tí ó ni ín," Ìbíyẹmí ní.

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. Ó ṣí ìgò, ó da omi dúdú sínú ife, ó kún dé ìdajì, ó sì nà án sí Sunday. Sunday gbà á. Ìbíyẹmí dé ẹnu ọ̀nà yàrá ẹ̀yìn ṣáájú rẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì, ó fi ara dí i.

"Akọ̀wé, ẹ dákun, ẹ fún mi ní wákàtí kan sí i."

"Ìyàwó, kúrò lọ́nà."

"Ẹ fún mi ní wákàtí kan. Bí ó bá kọjá bẹ́ẹ̀, ẹ gbé e fún mi, kí èmi kọ́kọ́ mu nínú rẹ̀."

"Mo ní kúrò lọ́nà. Ìyá tìrẹ ni?"

Kò sí ẹni tí ó mọ ohun tí ì bá ṣẹlẹ̀. Ilésanmí wà lójúde, ó kọ ẹ̀yìn sí wọn gẹ́gẹ́ bí ó ti ṣe ìlérí. Sunday gbé ọwọ́ lé èjìká Ìbíyẹmí láti tì í. Ibẹ̀ ni Yèyé ti sọ̀rọ̀ láti inú yàrá.

"Ìbíyẹmí, wá mú mi."

Ìdíátù ti gbé póò rẹ̀ wá láti ilé, ó mọ́ fínnífínní. Wọ́n gbé e sí ẹ̀yìnkùlé lẹ́bàá ògiri, wọ́n fi àpótí kékeré sábẹ́ ẹsẹ̀ Yèyé kí orúnkún rẹ̀ lè gòkè, wọ́n ní kí ó tẹ síwájú. Ìbíyẹmí kúnlẹ̀, ó fi èjìká rẹ̀ gba orí ìyá náà dúró. Ìdíátù na aṣọ ìlekè rẹ̀ yí wọn ká.

"Ẹ má fi agbára tì í," Ìdíátù ní. "Ẹ máa mí. Ilé yín ni ẹ wà. Kò sí ẹni tí ń lé yín."

Ó pẹ́. Àyà Yèyé ń lù kìkì lára Ìbíyẹmí. Ìgbà tí ìrora náà mú un, ó di Ìbíyẹmí lápá títí èékánná rẹ̀ fi wọlé, kò sì ké. Ohun kan já bọ́ sínú póò, ó ró bí ẹkùrọ́. Òmíràn tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn náà ni inú náà tú. Òórùn ọjọ́ mẹ́jọ gba gbogbo ẹ̀yìnkùlé, ewúrẹ́ pàápàá dìde kúrò níbẹ̀. Ìbíyẹmí kò gbé ojú kúrò, kò bo imú. Yèyé ń sunkún láìdún, ó ń sọ "ẹ ṣé, ẹ ṣé" sí i lọ́rùn. Ìyá kan ń dúpẹ́ nítorí wọ́n jẹ́ kí ó yàgbẹ́ nílé ara rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n wẹ̀ ẹ́ tán, tí wọ́n tẹ́ ẹ sórí ẹní, ojú rẹ̀ ti padà wá sí ibi tí ó yẹ. Pálọ̀ sì ti kún fún ìdùnnú. Ilésanmí gbé ọwọ́ sókè, ó ní ọjọ́ mẹ́ta náà ni ó pé. Sunday ní ẹ̀rù abẹ́rẹ́ ni ó bà á. Ọkùnrin ẹ̀yìn gáréèjì gbà bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú, ó ní ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún, ó sì gba ṣílè márùn-ún owó ẹsẹ̀. Àwọn obìnrin méjì ti òwúrọ̀ tún dé, wọ́n ń kí àwọn ọmọkùnrin náà kú oríire.

Ìdíátù kó àtẹ obì rẹ̀ nílẹ̀. "Ẹni tí ó da póò nù kò tíì sọ̀rọ̀ o," ó ní, ó sì lọ sílé lọ kírun.

Sunday fi ṣílè mẹ́wàá sílẹ̀, ó wo ìyá rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà, ó ní òun á tún wá ní Kérésì. Lọ́rì ti ń dúró dè é. Nígbà tí oòrùn ń wọ̀, Ilésanmí já ààwẹ̀ rẹ̀, ó jẹ iyán tí ó pọ̀, ó sì wá jókòó lẹ́nu ọ̀nà yàrá ẹ̀yìn. Ìbíyẹmí ti fún Yèyé ní ẹ̀kọ díẹ̀ àti ilá. Ó bu omi sínú ife, ó fi lé e lọ́wọ́.

Yèyé mú ife náà dání. "Ilésanmí," ó ní, "ọjọ́ wo ni ẹ ń padà sóko?"

"Lọ́la, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Kòkó tí a fọ́, tí a fi ewé bò, ti pé ọjọ́ márùn-ún. Bí a kò bá tú u sínú oòrùn, yóò bàjẹ́."

Yèyé gbé ife náà kúrò nítòsí ẹnu, ó gbé e kalẹ̀.

"Èmi kò lọ," Ìbíyẹmí ní. "Mo ti sọ fún Yèyé."

"Ta ni yóò se oúnjẹ fún lébìrà mẹ́fà?"

"Kí wọ́n sè é fúnra wọn."

"Títí di ìgbà wo, Ìyá Táyọ̀? Kòkó wà lórí igi títí di ọdún tuntun. Ṣé títí di ọdún tuntun ni?"

Owó ilé ìwé Táyọ̀ wà nínú kòkó yẹn, Ìbíyẹmí mọ̀. Ó tún sọ ọ́, ohùn rẹ̀ kò sì le bí ti ìṣáájú. "Èmi kò lọ."

"Mo gbọ́ tìrẹ, ọmọ mi," Yèyé ní. Kò wo Ìbíyẹmí, ọmọ rẹ̀ ni ó ń wò. "Tirẹ̀ ni mo fẹ́ gbọ́."

Ilésanmí wo ilẹ̀. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. Wọ́n dúró dè é, obìnrin méjèèjì, wọn kò yọ ọ́ lẹ́nu. Ó dìde, ó ní òun ń lọ rí awakọ̀ tí yóò gbé òun àti ìyàwó òun lọ sóko lọ́la, kí ilẹ̀ tó ṣú jù. Wọ́n gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ bí ó ṣe ń sọ̀kalẹ̀ òkè.

"Ẹ mu omi, Yèyé," Ìbíyẹmí ní.

"Ó tó mi," Yèyé wí, ó fi ọwọ́ ti ife náà sẹ́yìn, ó sì yí ojú sí ògiri.